Ẹrù Ni Kẹ́ Ẹ Kọ́kọ́ Wò Kẹ́ Ẹ Tó Ra VFD: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín Lórí Mọ́tò Iná

Ọ̀kun o, gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ̀wé sí wa. Lóṣù yìí ọ̀rọ̀ mọ́tò iná àti VFD, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń darí ìyára mọ́tò, ló gba gbogbo ojú ìwé wa, onígàrí kọ̀wé, káfíńtà kọ̀wé, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe project náà ò gbẹ́yìn. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ ìyá wa n'Ísánlú torí tiwọn ló kọ́kọ́ dé, tiwọn náà ló sì máa là wá lójú sí èyí tó kù.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀rọ tá a fi ń rin ẹ̀gẹ́ ni mo ní, mọ́tò 10 hp tírì fésì ló ń fà á. Tẹ́lẹ̀, tá a bá ti tan án báyìí, iná gbogbo àdúgbò á wálẹ̀, gílóòbù á pọ́n, àwọn èèyàn á máa pariwo lé wa lórí. Wọ́n ní kí n ra stáátà star-delta, mo rà á, àwọn aládùúgbò dákẹ́ lóòótọ́, àmọ́ mọ́tò ò gbéra mọ́ tí ẹ̀gẹ́ bá ti wà lẹ́nu ẹ̀rọ, á kàn máa kùn ni. Oníná wa ní VFD ló kù. Owó ẹ̀ pọ̀ o! Ṣé òótọ́ ló ń sọ àbí owó mi ló fẹ́ jẹ? — Ìyá Onígàrí, Ìsánlú

Ìyá wa, ẹ kú làálàá o, ọjà á tà. Oníná yín ò purọ́, ṣùgbọ́n ó fo nǹkan kan kọjá. Ohun kan wà tí ò ní ná yín ní kọ́bọ̀ tó yẹ kẹ́ ẹ gbìyànjú ẹ̀ kó tó kan VFD.

Mọ́tò 10 hp, ìyẹn nǹkan bíi 7.5 kW, tó bá ń yí geere lórí 415 fóòtì, bíi 15 ámpíà ló máa ń jẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbéra, tí irin àárín ẹ̀ ò tíì yí rárá, ó lè fa ìlọ́po mẹ́fà sí méje, ká sọ pé 90 sí 105 ámpíà, kó tó wá rọlẹ̀. Bí ẹni tó fẹ́ gbé ẹrù karí ni, ìgbà tó bá ń gbé e kúrò nílẹ̀ ló le, tó bá ti jókòó sórí tán ó kù kó máa lọ. Kárẹ́ńtì ńlá yẹn ló ń gba inú wáyà àdúgbò kọjá tí iná fi ń wálẹ̀ lọ́dọ̀ gbogbo èèyàn.

Star-delta máa ń so wáyà inú mọ́tò ní star nígbà tó bá ń gbéra, á wá bọ́ sí delta tó bá ti ń sáré. Ní star yẹn, ó dín kárẹ́ńtì tó ń ti ojú wáyà wọlé kù sí ìdá kan nínú mẹ́ta. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ agbára ìyípo, èyí táwọn ẹnjiníà ń pè ní tọ́ọ̀kì, òun náà dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́ta, ẹ ò lè mú ọ̀kan kẹ́ ẹ fi èkejì sílẹ̀. Ẹ wá gbé ti iná wa lé e. Tọ́ọ̀kì kì í dín kù bákan náà pẹ̀lú fóòtì, ó máa ń yára dín kù jù bẹ́ẹ̀ lọ: tí fóòtì bá di ìdajì, tọ́ọ̀kì á di ìdá kan nínú mẹ́rin. Tó bá wá jẹ́ 340 fóòtì ló dé ọ̀dọ̀ yín lálẹ́ dípò 415, bíi ìdá méjì nínú mẹ́ta tọ́ọ̀kì ló kù, kẹ́ ẹ sì tún wá pín ìyẹn sí mẹ́ta nítorí star-delta, ohun tó ṣẹ́ kù fún mọ́tò yín láti fi gbéra ò tó ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tí wọ́n ṣe mọ́ ọn. Kí ni ìyẹn fẹ́ fi yí ìlù onírin tí ẹ̀gẹ́ tútù ti há mọ́ lẹ́nu? Á kùn, á gbóná, tẹ́ ẹ bá sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ á jóná ni.

Ohun tí ò ná yín lówó nìyí o: ẹ máa tan ẹ̀rọ náà lófìfo. Kẹ́ ẹ jẹ́ kí ìlù yí dé ojú ìyára ẹ̀, kí stáátà bọ́ sí delta tán (ẹ máa gbọ́ tí kọ̀ǹtákítọ̀, súwíìṣì inú stáátà, bá fọhùn "gbà!"), ìgbà yẹn lẹ tó máa da ẹ̀gẹ́ sí i. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ pa á, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó rin èyí tó wà nínú ẹ̀ tán. Mo mọ̀ pé tí wọ́n bá mú iná lọ lójijì nígbà tí ẹnu ẹ̀rọ kún, wàhálà nìyẹn, ọmọ iṣẹ́ á ní láti wa ẹ̀gẹ́ yẹn jáde kí wọ́n tó tún un tàn, kó sì rí i pé òun ti já bíréékà sílẹ̀ kó tó kọwọ́ bọ ibẹ̀. Ẹ tún jẹ́ kí oníná wọn fóòtì lẹ́nu mọ́tò gan-an lásìkò tó ń gbéra, kì í ṣe lẹ́nu mítà. Tí fóòtì bá dáa lẹ́nu mítà tó wá burú lẹ́nu mọ́tò, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ fi gbé iná dé ṣẹ́ẹ̀dì lẹ máa pààrọ̀.

Tẹ́ ẹ bá ti ṣe gbogbo ìyẹn tó sì jẹ́ pé iṣẹ́ yín ń béèrè pé kó máa gbéra pẹ̀lú ẹrù, ó yá, ẹ ra VFD, kò sí ẹni tó máa dá yín lẹ́bi. Ohun tó ń ṣe ò le: ó gba iná tírì fésì wọlé, ó sọ ọ́ di DC bíi ti bátìrì, 415 yẹn á di nǹkan bíi 587 fóòtì nínú ẹ̀, kapasítọ̀ ńlá á gbà á dúró, lẹ́yìn náà àwọn súwíìṣì kéékèèké mẹ́fà tí wọ́n ń pè ní IGBT á máa ṣí á máa tì ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo, wọ́n á fi í ṣe iná tírì fésì tuntun tó jẹ́ pé àwa la máa sọ iye hertz tá a fẹ́, ìyẹn iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, òun ló sì ń pinnu ìyára mọ́tò. Fóòtì àti hertz á jọ máa gòkè, bíi 8.3 fóòtì fún hertz kan lórí mọ́tò yín, tó fi jẹ́ pé ní 10 hertz nǹkan bíi 83 fóòtì ló máa fún un. Òòfà inú mọ́tò ò ní dín kù, tọ́ọ̀kì náà á wà ńbẹ̀ pé. Torí pé ìyípo ṣì kéré nígbà yẹn, iná tó ń fà látojú wáyà kéré gan-an, àwọn aládùúgbò ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ẹ tan nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi hp rà á o, ámpíà ni kẹ́ ẹ fi rà á. Ẹ wo ámpíà tó wà lára páálí onírin mọ́tò yín, kẹ́ ẹ sì sọ fún ẹni tó ń tà á pé ẹrù tó wúwo ni, kì í ṣe fáànù. Èyí tí wọ́n ṣe fún ẹrù wúwo lè gbà kí kárẹ́ńtì gùn dé ìdá 150 nínú ọgọ́rùn-ún fún bíi ìṣẹ́jú kan, ohun tí ìlù ẹ̀gẹ́ nílò gan-an nìyẹn. Ẹ má gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tẹ́ ẹ ti ń yan gàrí, wọ́n ń ṣírò agbára àwọn nǹkan wọ̀nyí lórí 40°C, ooru tiwa láàárín oṣù kẹta sí ìkẹrin sì lè kọjá ìyẹn láìsí èéfín rárá, ká má tíì wá sọ ti omi ẹ̀gẹ́ tó ń ta sára nǹkan àti eruku ọyẹ́. Yàrá kejì ni kó wà, nínú àpótí onírin tó ń gba afẹ́fẹ́. Tí wọ́n bá pa á, kí ẹnikẹ́ni má ṣí i lójú ẹsẹ̀, kapasítọ̀ inú ẹ̀ ṣì gbé iná tó lè pa èèyàn dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan, wọ́n máa ń kọ iye ẹ̀ sára ẹ̀.

Èyí tó tiẹ̀ wù mí jù nínú ẹ̀ fún àdúgbò tiwa ni pé tí fésì kan bá lọ, VFD tó dáa á mọ̀, á dá iṣẹ́ dúró. Mọ́tò tó ń yí lọ pẹ̀lú ẹrù tí fésì kan wá já, kò ní dúró, á máa yí lọ ni, fésì méjì tó kù á máa gbé nǹkan bíi ìlọ́po 1.7 kárẹ́ńtì tó yẹ kí wọ́n gbé, kẹ́ ẹ tó gbọ́ òórùn ẹ̀ ó ti di ti oníríwáyà. Mọ́tò tí ìyẹn ti pa láyìíká wa ju èyí tí ọjọ́ ogbó pa lọ.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ HND ni mí, project mi ni kí n design kí n sì ṣe simulation (àfarawé orí kọ̀ǹpútà) dúráífù, ìyẹn VFD, fún induction motor 7.5 kW. Mo ti to gbogbo ẹ̀ pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, mọ́tò mi sáré dé 1499 rpm (ìyípo láàárín ìṣẹ́jú kan), inú mi dùn, súpáfáísọ̀ mi wá wò ó ó ní mi ò tíì ṣe nǹkankan. Simulation ìṣẹ́jú-àáyá méjì sì ń pẹ́ débi pé wọ́n á mú iná lọ, bátìrì á kú kó tó parí. Mi ò sì lówó sọ́fítíwíà gidi. — Akẹ́kọ̀ọ́, Lọ́kọ́jà

Àbúrò, súpáfáísọ̀ ẹ jàre ẹ. 1499 yẹn gan-an ló tú àṣírí ẹ. Mọ́tò onípóólù mẹ́rin lórí 50 hertz, 1500 ni òòfà inú ẹ̀ ń yí, mọ́tò fúnra ẹ̀ gbọ́dọ̀ máa rẹ̀yìn díẹ̀ kó tó lè fa ẹrù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ 1440 sára páálí ẹ̀, ìyẹn ni pé ó fi ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀yìn. Tó bá dé 1499, a jẹ́ pé kò fa nǹkankan, lófìfo ló ń sáré. O kọ́ ẹni tó ń rìn, o ò gbé ẹrù kankan lé e lórí, kí lo wá design?

Torí náà, ibi ẹrù ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé o ti ka ọ̀rọ̀ ìyá wa lókè yẹn? Lọ sí ṣẹ́ẹ̀dì ẹ̀gẹ́ kan, kí wọn dáadáa, kó o dúró kó o wò ó. Ìlù yẹn, tó bá ṣófo kò béèrè nǹkan púpọ̀, tí wọ́n bá da apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gẹ́ kan sí i tọ́ọ̀kì á fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà, á sọ̀kalẹ̀ bó ṣe ń rin ín, wọ́n á tún da òmíràn. Ẹrù tó ń fò sókè fò sódò nìyẹn, kò jọ ti pọ́ǹpù tó ń gòkè wọ́ọ́rọ́wọ́ pẹ̀lú ìyára, kò sì jọ ti bẹ́líìtì tó ń kó òkúta ní ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì lọ́nà Ọ̀bájànà tó jẹ́ pé tọ́ọ̀kì kan náà ló ń béèrè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mú ọ̀kan, kó o sọ fún súpáfáísọ̀ ẹ pé èyí lo mú àti ìdí tó o fi mú un. Èmi ì bá mú ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́, torí o lè fẹsẹ̀ rìn lọ wò ó, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ náà á rí ohun tuntun kà dípò fáànù tí gbogbo yín ń dà kọ lọ́dọọdún.

Lẹ́yìn náà, mú bírò. 7500 wáàtì, pín in sí 150.8 radian láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn ni 1440 rpm, wàá rí 49.7 Nm, Nm la fi ń wọn tọ́ọ̀kì. Ìyẹn ni tọ́ọ̀kì tí mọ́tò ẹ lè máa gbé láti àárọ̀ dalẹ́. Wo ìwúwo ìyípo, inertia, ti ìlù àti púlì, kó o má sì gbàgbé bẹ́líìtì: tí ìlù bá ń yí ní ìdajì ìyára mọ́tò, ìdá kan nínú mẹ́rin inertia ẹ̀ ni mọ́tò máa rí. Ká ní gbogbo ẹ̀ jẹ́ 0.5 kg·m², tó sì jẹ́ 30 Nm ló kù láti fi sáré lẹ́yìn tó o ti yọ ti ẹrù, 0.5 lọ́nà 150.8, pín sí 30, bíi ìṣẹ́jú-àáyá 2.5 ló máa gbà á kó tó dé ojú ìyára. Tí kọ̀ǹpútà bá wá sọ fún ẹ pé ìdámẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá ni, kọ̀ǹpútà lo máa yẹ̀ wò, má lọ tẹ̀ ẹ́ síwèé o jàre.

Nọ́ḿbà inú mọ́tò ńkọ́? Má kó ti orí íńtánẹ́ẹ̀tì sínú ẹ̀. Ẹ ní mọ́tò ní lábù yín. Fi DC wọn resistance wáyà inú ẹ̀, jẹ́ kó yí lófìfo kó o kọ fóòtì, kárẹ́ńtì àti wáàtì sílẹ̀, lẹ́yìn náà di rọ́tọ̀, irin àárín tó ń yí, mú kó má lè yí, kó o rọra máa gbé fóòtì sókè láti ìsàlẹ̀ títí kárẹ́ńtì á fi dé iye tó wà lára páálí, kọ ìyẹn náà sílẹ̀ kíákíá kó tó gbóná jù. Látara mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lo ti máa rí gbogbo ohun tí módẹ́ẹ̀lì ń béèrè. Rántí pé wáyà kọ́pà tó gbóná ní resistance jù, láti 25 dé 100°C ó lè fi bíi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ibi ìyípo kékeré sì ni ìyẹn ti máa ń da control rú.

Ní ti pé ó ń pẹ́: o ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ka gbogbo ṣíṣí àti títì IGBT fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì gbáko. Tó bá jẹ́ 5 kHz, 200 microsecond ni yíyí kan (microsecond kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá), tó o bá ń gbé ìṣísẹ̀ 1 microsecond, mílíọ̀nù méjì ìṣísẹ̀ nìyẹn, tó o tún ní kó máa ya gbogbo ẹ̀ sójú scope! Kọ́kọ́ yọ àwọn súwíìṣì kúrò, fi iná tírì fésì tó mọ́ rọ́pò wọn, kó o gbé ìṣísẹ̀ dé 50 sí 100 microsecond, ibẹ̀ lo ti máa tún control àti ẹrù ṣe. Nígbà tí gbogbo ẹ̀ bá ti jókòó, dá súwíìṣì padà fún ìdámẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá péré níbi tó o ti fẹ́ rí bí kárẹ́ńtì ṣe ń gbọ̀n. Laptop ẹ á mí.

Sọ́fítíwíà kò yẹ kó dí ọ lọ́wọ́. OpenModelica wà lọ́fẹ̀ẹ́, mọ́tò induction wà nínú láíbìrì tó bá a wá, Scilab pẹ̀lú Xcos wà lọ́fẹ̀ẹ́, LTspice wà fún apá súwíìṣì. Tó o bá sì mọ Octave, o lè fọwọ́ ara ẹ kọ equation d-q, èyí tó ń sọ fésì mẹ́ta mọ́tò di nọ́ḿbà méjì tó ń bá òòfà yí, kò pọ̀, èrò tí Robert Park gbé jáde ní 1929 ni ìpìlẹ̀ ẹ̀. Èyí tó ṣáájú ẹ̀ nínú ìṣírò, tó ń sọ fésì mẹ́ta di méjì, obìnrin ló ni ín, Edith Clarke, ẹ̀yin ọmọbìnrin tẹ́ ẹ wà ní Electrical ẹ gbọ́ o. Vector control, ọ̀nà tó ń darí òòfà àti tọ́ọ̀kì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tó dé orí èyí wá látọ̀dọ̀ àwọn ará Jámánì, Hasse àti Blaschke, ní nǹkan bí òpin àwọn ọdún 1960 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1970. Ṣùgbọ́n má tíì sáré débẹ̀, V/f lásán, ìyẹn fóòtì àti hertz tó ń jọ gòkè, tó o lóye ẹ̀ sàn ju vector control tó o dà kọ.

Kó o tó lọ bá súpáfáísọ̀, fi 49.7 Nm lé e: ṣé ó sọ̀kalẹ̀ sí nǹkan bíi 1440, ṣé kárẹ́ńtì súnmọ́ 15? Tan án ní tààrà láìsí dúráífù: ṣé ó fò dé ìlọ́po mẹ́fà, méje? Lẹ́yìn náà, ṣe èyí tí ìwé òyìnbó ò ní sọ fún ẹ: fún un ní iná tiwa. Já fóòtì sí 340 láàárín iṣẹ́, yọ fésì kan, mú iná kúrò pátápátá kó o dá a padà, kó o wo ohun tí DC àárín dúráífù ń ṣe. Sọ fún un pé kó dúró lójijì pẹ̀lú ìlù tó wúwo, wàá rí i tí DC yẹn á máa gòkè torí mọ́tò ti di jẹnẹrétọ̀, ọ̀pọ̀ dúráífù tó wà fún 400 fóòtì á pa ara wọn tó bá ti ń dé bíi 800, ibẹ̀ lo ti máa mọ̀ bóyá o nílò resistor ìdádúró. Chapter Four ẹ nìyẹn.

Ẹ kú iṣẹ́ sà. Káfíńtà ni mí l'Ẹ́gbẹ̀. Síńgù fésì ló wà ní ṣọ́ọ̀bù mi. Mo rí ẹ̀rọ ìfágì tòkunbọ̀ tó dáa, mọ́tò ẹ̀ 4 kW, wọ́n kọ 380/660 sí i lára. Wọ́n ní VFD kékeré tó ń gba 220 wọlé tó ń fún tírì fésì jáde ló máa tán an. Kí n rà á?

Rárá, dúró ná. VFD tó gba 230 wọlé, 230 náà ló máa fún ọ jáde, bó tiẹ̀ jẹ́ tírì fésì. Mọ́tò ẹ ń béèrè 380 ní delta (660 ni ti star), 230 yẹn á gbé e dé nǹkan bíi 30 hertz pẹ̀lú tọ́ọ̀kì tó pé, ìyẹn ò ju bíi 900 rpm lọ tó bá jẹ́ onípóólù mẹ́rin, tó o bá tì í kọjá ibẹ̀ á máa rọ, igi ẹ á sì máa fà ya dípò kó dán. Ká ní 230/400 ni wọ́n kọ sí i lára ni, wàá kàn so ó ní delta, ó parí. Àwọn VFD kan wà tó ń gbé 220 sókè di 380, ṣùgbọ́n 4 kW látorí síńgù fésì á fa bíi 30 ámpíà tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, wáyà sọ́ọ̀kẹ́ẹ̀tì ṣọ́ọ̀bù ẹ ò lè gbé e. Tó bá jẹ́ èmi, màá ra ẹ̀rọ náà, màá já owó mọ́tò kúrò nínú owó ẹ̀, màá wá mọ́tò 3 kW tó jẹ́ 230/400 fi rọ́pò ẹ̀, màá sì máa fá pákó náà ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Mo fẹ́ fi sólà fa omi kànga mi ní Kàbà. Pọ́ǹpù síńgù fésì oníkapasítọ̀ ló wà nílẹ̀. Ṣé mo lè fi VFD sí i? Ẹnìkan tún ní tí òòrùn ò bá tíì mú, pọ́ǹpù á máa fa omi díẹ̀díẹ̀, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Bàbá, VFD lásán ò bá pọ́ǹpù oníkapasítọ̀ mu, ẹ lọ ra pọ́ǹpù tírì fésì tàbí èyí tí wọ́n ṣe fún sólà gan-an. Ní ti díẹ̀díẹ̀ yẹn, ìdajì òótọ́ ni. Lóòótọ́, tí ìyára bá di 40 hertz dípò 50, agbára tí pọ́ǹpù ń jẹ á sọ̀ dé bíi ìdajì, èyí ló jẹ́ kí sólà bá pọ́ǹpù mu. Àmọ́ gíga tó lè ti omi dé náà ń sọ̀kalẹ̀. Ká ní pọ́ǹpù yín lè ti omi dé mítà 70 ní 50 hertz, ní 40 hertz bíi mítà 45 ló kù fún un. Tí omi bá wá ní láti gun mítà 50 láti inú kànga dé orí táǹkì, mọ́tò á máa yí láràárọ̀, omi ò ní kán jáde, ẹ ó sì rò pé pọ́ǹpù ti bàjẹ́. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó ra nǹkankan, ẹ so òkúta mọ́ okùn kẹ́ ẹ fi wọn ibi tí omi dúró sí nínú kànga nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kì í ṣe nígbà òjò, kẹ́ ẹ fi gíga táǹkì kún un, ìwọ̀n yẹn ni kẹ́ ẹ mú lọ bá ẹni tó fẹ́ ta pọ́ǹpù fún yín. Kẹ́ ẹ sì bi í pé hertz mélòó ni omi ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lórí ìwọ̀n yẹn, torí VFD tó dáa ní ibi tí wọ́n ti lè sọ fún un pé kó má yí mọ́tò rárá tí òòrùn ò bá tíì tó ìyẹn.